Ife Omi Tí Pandele Dà Nù

Ní ìlú Brăila, létí odò Dánúbù, kò sí ẹni tí kò mọ Pandele Vrabie. Akànṣẹ́ ni nígbà èwe rẹ̀, ìwé ìròyìn a sì máa gbé àwòrán rẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọṣẹ́, ó gba gbọ̀ngàn kan nítòsí èbúté, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn ti sú adájọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Ará ìlú ń yìn ín. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí ń wo inú mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ó fi ń kọ́ wọn. Orúkọ tirẹ̀ tó ń parẹ́ ni ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọn tún kọ.

Àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Tudose ló ń fọ ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà. Ó ti gba Jésù. Irú wọn ni ará ìlú ń pè ní onírònúpìwàdà, bí ẹni ń búni.

Ní oṣù keje, Iulică, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò ní òbí, fẹ́ lọ kan ẹ̀ṣẹ́ ní ìlú Galați. Ó fi kílò méjì wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n gbà fún ìjà náà. Pandele wọ súwẹ́tà mẹ́ta fún un, ó fi ọ̀rá wé e, ó ní kó máa sáré nínú oòrùn, kí omi má sì kan ẹnu rẹ̀ títí yóò fi gun òṣùwọ̀n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òun náà, òun kò sì kú.

Ní ọjọ́ kejì, itọ́ ti tán lẹ́nu ọmọ náà. Tudose fi ife bu omi wá fún un. Pandele gba ife náà, ó da omi náà sílẹ̀ lójú ọmọ náà.

"Bàbá, ilẹ̀ ni wọ́n ní kí o fọ̀. Ó ti tutù, máa fọ̀ ọ́ lọ."

"Ọmọ yìí ń kú lọ, Pandele."

"Ọmọ ta ni? Èmi ni mo ṣà á nígboro. Lọ bá Jésù rẹ sunkún, onírònúpìwàdà. Iṣẹ́ ọkùnrin là ń ṣe níbí."

Iulică rẹ́rìn-ín kí inú ọ̀gá lè dùn. Ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ yọ.

Lórí òṣùwọ̀n ní Galați, ìwọ̀n rẹ̀ pé géérégé. Pandele ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà wó lulẹ̀.

Tudose wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn nílé ìwòsàn.

"O wá fi mí ṣẹ̀sín," ni Pandele wí.

"Rárá. Òùngbẹ gbẹ Olúwa mi náà lórí igi. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ọtí kíkan ni wọ́n fún un. Ó sì ti bẹ Baba rẹ̀ kó dárí jì wọ́n."

"Pa ẹnu rẹ dé."

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Iulică láti inú yàrá, tó ń sọ̀rọ̀ láìmọ ohun tó ń sọ: "Ọ̀gá, mi ò mu ún. Ẹ má nà mí, mi ò mu ún."

Pandele fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo da omi yẹn nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Olúwa yín."

Iulică yè, ṣùgbọ́n kò lè jà mọ́, ó sì tó oṣù mẹ́rin kó tó dá Pandele lóhùn. Lónìí, korobá omi wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, pẹ̀lú ife. Ẹnikẹ́ni kì í tọrọ ààyè kó tó mu.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ta ni òùngbẹ ń pa nítorí ìgbéraga rẹ? O ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ, o kò sì kú. Pandele náà wí bẹ́ẹ̀. Jésù tí o fún ní ọtí kíkan ló tún ń na ife omi sí ọ yìí. Má dà á nù. Mu ún lónìí, kí ìwọ náà tó gun òṣùwọ̀n Ọlọ́run.