Fèrèsé Tí Wọ́n Kàn Pa

Ọmọ náà kò ṣàìsàn tó fi kú. Wọ́n jí láàárọ̀, ó ti tutù. Ọmọ oṣù mẹ́rin.

Ìyá rẹ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá rẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Dídán nítorí bó ṣe ń kun àga àti tábìlì, kò sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ògiri pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti yàrá tí wọ́n ń sùn.

Níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, aago mẹ́rin ni wọ́n ń lé wọn sílé. "Èmi ni ọ̀gá ara mi báyìí," ló máa ń sọ. "Ta ló máa lé mi?" Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́, kò sinmi. Gbogbo fèrèsé ilé ló ń tì, kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ fáníìṣì tútù tó fi ń kun igi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Dídán obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé, ló máa ń wá ṣí èyí tó wà lẹ́bàá ibùsùn ní ìdájí. Láàárọ̀ tí ọmọ kú, fèrèsé náà wà ní ṣíṣí, ẹyẹ dúdú kan sì bà lé e.

"Ẹ ò rí i ni?" ìyàwó wí. "Ó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ rẹ̀."

Àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Dídán mú òòlù, ó kàn fèrèsé náà pa.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé rẹ ń ta mí nímú. Ṣí fèrèsé."

"Ẹ̀yin ni àjẹ́ ilé yìí, Màmá. Ẹ jáde fún wa."

Arúgbó náà ká ẹní rẹ̀. "Ó dáa. Àjẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ṣáà ṣí fèrèsé."

Kò ṣí i. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà dákú. Dídán gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn tí ọmọ ti jí, nọ́ọ̀sì gbóòórùn ẹ̀wù bàbá.

"Níbo lẹ ti ń kun igi?"

"Nílé."

"Ẹ ń ṣí fèrèsé?"

"Mo kàn án pa."

"Òórùn yẹn ló ń pa ọmọ yín. Ó ń pa ẹ̀yin náà."

Kó tó ṣú, ó ti fa ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ síbi tí Màmá wọ̀ sí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ń mí dáadáa."

"Dìde. Ilẹ̀ tutù."

Kò dìde. "Èmi ni mo pa èyí tó lọ, Màmá."

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rò pé bí o bá ṣáà ti ṣí fèrèsé, kò ní sí ìdí tí ìwọ náà fi máa mọ̀."