Ọjọ́ Tí Ibà Náà Lọ

Máṣíìnì ìránṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ wọn, láàárín ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó ilé máa ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Á bọ́ bàtà sílẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ máṣíìnì. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí máṣíìnì ń sọ.

Ọmọbìnrin kékeré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ń pè é ní Àǹtí Kékeré, gbogbo ilé sì ń bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Aláriwo, nítorí ìró máṣíìnì náà.

"Aláriwo, jẹ́ kí etí wa sinmi," ni ọkùnrin náà máa ń wí tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òòlù lu ọkọ̀ ojú omi látàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá, etí wo ló ṣẹ́ kù fún yín?"

Wẹ́dà ni ọkùnrin náà. Iṣẹ́ jíjó irin ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ló gbé e wá sí ìlú olóoru yìí, tó jìnnà sí ilé. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì mú àbúrò rẹ̀ dání. Ìyá wọn jẹ́ oníṣòwò tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, nítorí náà òun ẹ̀gbọ́n ló pọn ọmọ yìí dàgbà. Òun ló kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ rírìn, òun ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú lé e lọ́wọ́. Kò lè fi í sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ilẹ̀ ibà ni wọ́n ti wá, wọn kò sì fojú kéré ẹ̀fọn. Nẹ́ẹ̀tì wà lórí gbogbo ibùsùn wọn. Wẹ́dà ti ro koríko ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbá gọ́tà dé ojú títì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìyàwó rẹ̀ á ti fèrèsé, á fín oògùn ẹ̀fọn sí gbogbo igun. Nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ ni àpò oògùn wà, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í ti ilé jáde láìdì í: oògùn ibà oríṣi méjì, asipirínì, oògùn ara ríro, oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń wí pé ẹni tó bá ní àpò yẹn lọ́wọ́ kò tíì kúrò nílé tán.

Eèrà nìkan ló fẹ́ borí rẹ̀. Wọ́n pọ̀ nínú ilé náà bí iyanrìn. Ó wá ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe: ó ki ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ bọ inú agolo, ó sì bu omi sí wọn, kí eèrà má lè gòkè. Omi tó mọ́ gaara ni. Bí ó bá ti ń gbẹ, á bu òmíràn kún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, máṣíìnì dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yọjú láti ilé ìdáná. Àǹtí Kékeré ti gbé orí lé aṣọ tó ń rán. Ó ní orí ń fọ́ òun, gbogbo oríkèé òun ń ro òun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ìka ti ẹyinjú mi láti inú."

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó gbóná bí àgé tó wà lórí iná. Ibà ni. Ibà mélòó ni ọwọ́ yìí kò tíì tọ́jú? Ó tú àpò, ó fún un ní oògùn ibà, ó sì fi asipirínì tì í nítorí ara ríro. Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó ta nẹ́ẹ̀tì bò ó, ó ní kí ọmọbìnrin òun má pariwo.

Ìyá Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá kí wọn. Àgbàlagbà obìnrin tó ti ilẹ̀ wa wá ni, òkè pátápátá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ló ń gbé, ó sì ti ń ṣe tíṣà nílùú yẹn kí àwọn wọ̀nyí tó mọ̀ pé ìlú náà wà. Ó jókòó ti aláìsàn, ó bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí wọ́n ti fún un lò. Bí wọ́n ṣe dárúkọ asipirínì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n má fún un ní irú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ibà ibí kì í ṣe ibà ilé nìkan, ọmọ mi. Òmíràn wà tó jọ ọ́."

"Mo ti gbọ́, Mà. Ẹ ṣé, Mà."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n. Bí àgbà náà ti gòkè tán, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Ìyá Òkè ti pẹ́ níbí jù, ó ti gbàgbé bí ibà ṣe ń ṣe ènìyàn. Ohun mìíràn tún wà tí kò sọ jáde. Ẹ̀rù ilé ìwòsàn náà ń bà á. Kò gbọ́ èdè wọn dáadáa. Báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé fún wọn pé ẹyinjú ń ro ọmọ òun láti inú?

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ìgbóná náà kò lọ. Ó fún un ní oògùn ibà kejì. Nígbà tí ara ríro kò jẹ́ kí ọmọ náà sùn, tó ń sunkún jẹ́jẹ́ bí ìgbà tó wà ní kékeré, ó tún fún un ní asipirínì. Awọ apá rẹ̀ wá ń pọ́n. Ìgbà yẹn ni wẹ́dà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibà náà ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó tún un kàn. Ó pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ọkùnrin náà ti wọ ṣòkòtò ìjáde, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Aláriwo, o ti dẹ́rù bà wá."

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi lónìí, Bọ̀ọ̀dá. Tó bá di ọ̀la, ẹ máa bẹ̀ mí kí n dákẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí ni wọ́n fẹ́ lọ sọ fún dókítà nípa ẹni tí ara rẹ̀ ti tutù? Wẹ́dà pààrọ̀ aṣọ, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ yọ nígbà tí Àǹtí Kékeré fẹ́ fọ eyín. Ẹ̀gbọ́n ní ó fọ̀ ọ́ le jù ni. Ó pọ tíì tó mu. Wọ́n fún un ní òmíràn, ó tún pọ̀ ọ́. Ó ní inú ń run òun gan-an. Ẹ̀gbọ́n ní ebi ni, ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dé inú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò lè dùbúlẹ̀ sójú kan. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó dìde jókòó, ó tún dùbúlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ tútù náà mú, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi aṣọ bò ó.

Lọ́sàn-án, Ìyá Òkè tún sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ìdùnnú sọ fún un pé ibà ti lọ. Kò bá wọn yọ̀. Ó wo ojú ọmọ náà, ó tẹ èékánná rẹ̀, ó dúró wò ó bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe padà síbẹ̀.

"Ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn?"

Ẹ̀gbọ́n ronú. Kò rántí.

"Wọ bàtà rẹ," ni Ìyá Òkè wí. "Báyìí báyìí là ń lọ."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan ló gbà wọ́n. Ìyá Òkè ló ń túmọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ omi sí apá Àǹtí Kékeré méjèèjì kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó béèrè oògùn tó ti lò, ẹ̀gbọ́n sì kà wọ́n fún un, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Dókítà kò bá a wí. Ó wo ẹsẹ̀ aláìsàn, níbi tí àmì ẹ̀fọn pọ̀ sí láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n ń bẹ Ìyá Òkè. "Ẹ sọ fún un pé láti àárọ̀ ni ibà ti lọ."

Ìyá Òkè sọ ọ́. Ó gbọ́ èsì, ó sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ìgbà tí ibà bá lọ gan-an ni ewu àìsàn yìí ń bẹ̀rẹ̀."

Dẹ́ńgè ni wọ́n ń pè é. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru. Ojúmọmọ ni tirẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó sójú kan ló sì fẹ́ràn. Oògùn ibà kì í ṣiṣẹ́ lórí àìsàn yìí. Bí ìgbóná náà bá ti ń rọlẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan á máa jò kúrò nínú iṣan, ara á tutù, inú á máa run wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ. Bí wọ́n bá tètè dé, a lè fi omi dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Asipirínì ló burú jù nínú ohun tí èèyàn lè fún wọn, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá àwọn tètè dé.

Ìyá Òkè kò túmọ̀ ìbéèrè yẹn.

Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àǹtí Kékeré kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wá yẹ ilé náà wò. Wọ́n yìn wọ́n nítorí gọ́tà àti koríko. Wọ́n wo àwọn dúrọ́ọ̀mù omi, ìdérí wà lórí wọn. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú àwọn agolo náà, tanwíjí, àwọn ọmọ ẹ̀fọn, ń jó sókè sódò.

Ìyàwó wẹ́dà ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé omi tó mọ́ ni, omi mímu ni. Òṣìṣẹ́ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn ọ̀sán ń wá láti yé ẹyin sí. Ó ní bíbù kún un kò tó. Wọn ì bá máa dà á nù, kí wọ́n sì máa fọ ara agolo náà.

Ẹ̀gbọ́n wo agolo, ó wo àga tó wà nídìí máṣíìnì. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ láàárín wọn. Òun ló ń bu omi náà. Wẹ́dà fẹ́ gbá a mọ́ra, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ìyá wọn pè láti ilé. Ojoojúmọ́ ló ń pè, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi wọ́n.

"Ṣé ẹ kò ní nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ni?"

"A ní, Màmá. Inú rẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn."

Ọmọ rẹ̀ á gbìyànjú láti tún un ṣàlàyé, kò sì ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ olóoru mìíràn, ìmọ̀ tí ẹ ní nípa ibà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ má ṣe gbójú lé nẹ́ẹ̀tì òru nìkan. Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kó wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, kó fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ibi tí aṣọ kò dé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Ọmọ tó bá sùn lọ́sàn-án, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kó sùn sí.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wá gbogbo omi tó dúró nínú ilé: abọ́ abẹ́ òdòdó, garawa tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí, táyà, agolo. Ẹ dà á nù, kí ẹ sì fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀, nítorí ara ohun èlò ni ẹyin ẹ̀fọn ń lẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ eèrà ni, ẹ fi gírísì pa ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, bóyá ibà ni tàbí dẹ́ńgè, nítorí méjèèjì ló ń pani. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè wọn, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ. Kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́, parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni kí ẹ fún un, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, pẹ̀lú omi púpọ̀. Ẹ má fún un ní asipirínì, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro mìíràn.

Nígbà tí ìgbóná náà bá sì rọlẹ̀, ẹ má tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jókòó tì í. Bí inú bá ń run ún, bí ó bá ń bì léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ níbikíbi, bí kò bá tọ̀, bí kò bá lè dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá tutù, ẹ gbé e, kí ẹ máa lọ.