Ọ̀nà Tó Wọ́ Lóko Bàbá

Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ojú rẹ̀ wà lóko. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dojú kọ kọ̀ǹpútà lórí tábìlì.

"Màmá, ẹ wá wo oko wa. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà àká yìí wọ́ jù, koríko ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì kàn ń gba ilẹ̀ lásán. Katakata máa ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́la."

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló la ọ̀nà yẹn lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Nínú òjò ni, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń ri igi mọ́lẹ̀ níbi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Òun ń ru igi tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta lòun tó máa bá kọ̀ǹpútà jiyàn?

Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn, tó gbé ètò kọ̀ǹpútà náà wá fún wọn, wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá.

"Màmá, ọ̀nà yìí ò ṣàdédé wọ́. Kí ló fà á?"

"Ṣé kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ni?"

"Níbo ló ti máa mọ̀? Ìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n kó sínú ẹ̀, àmọ́ kò dé oko yín rí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un ló máa fi ronú."

Ni Ìyá bá sọ ọ̀rọ̀ àgbàrá, pé ibi tó ń gbà kọjá ni ọkọ òun yà fún tí ọ̀nà fi wọ́. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ wọlé, àwòrán oko tó wà lójú kọ̀ǹpútà sì yí padà: ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì fi koríko sílẹ̀, òun ló ń gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ omi.

Ọmọ káwọ́ lérí. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi pe àgbàrá wálé!"

"Àmọ́ kọ̀ǹpútà tún rí i pé ibi tí ilé adìẹ yín wà ga ju ibi kànga lọ," obìnrin náà rọra sọ. "Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀gbin ẹ̀ ń ṣàn sínú omi tẹ́ ẹ̀ ń mu. Ó yẹ kẹ́ ẹ ṣí i kúrò."

Ọkọ Ìyá ló kan gbogbo ìṣó ilé náà. Omi lé sójú Ìyá, ẹ̀rín sì tún pa á.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi nígbà yẹn! Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ tú u. Ṣùgbọ́n pákó ẹ̀ kan ò gbọdọ̀ ṣòfò, òun náà la máa fi kọ́ tuntun nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wá yẹ ètò oko yín wò, ẹ pe àgbà tó mọ ilẹ̀ náà. Ẹ sọ ibi tí omi ń gbà, àti ìdí tí nǹkan fi wà níbi tó wà, kí katakata tó dé. Bí kọ̀ǹpútà bá sì rí àléébù lára ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ gbé tiẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.