Ìdáhùn Ọmọ́jọlá Lójú Ọ̀nà Òkukù

Lọ́jọ́ tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ́kọ́ fi mọ́tò rin ọ̀nà tó ti Ìkìrun lọ sí Òkukù, oòrùn kò tíì yọ dáadáa tí wọ́n ti kó àwọn obìnrin Ìníṣà jáde. Reluwé ti ń gba ilẹ̀ wa kọjá nígbà náà, ṣùgbọ́n òyìnbó ní òun fẹ́ ọ̀nà tí mọ́tò òun yóò máa gbà. Àwọn ọkùnrin gé igi, wọ́n hú kùkùté. Àwọn obìnrin ni wọ́n ní kí wọ́n máa ru yangí pupa láti etí odò Ọ̀tìn, kí wọ́n dà á sílẹ̀, kí wọ́n fi igi gún un títí yóò fi le. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Kò sẹ́ni tó bu omi fún wọn mu.

Ọmọ́jọlá wà láàrin wọn, ó wé ìró kíjìpá, ó gbé agbọ̀n yangí ka orí òṣùká. Iwájú rẹ̀ ni Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń rìn tòun ti oyún tó ti wọ oṣù ìbí. Àjíṣafẹ́ ọkọ rẹ̀ ti kó obì wọ reluwé lọ sí Jẹ́bà. Kó tó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi mójú tó o." Ìyá sì dáhùn pé kó fọkàn balẹ̀.

Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí aláboyún náà wà nílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe iṣẹ́ ọ̀nà yìí, inú kan mú un láàárọ̀. Ikùn rẹ̀ ta kókó, ó le bí ògiri, ó dẹ̀, ó tún le. Kíkẹ́lọmọ figbe ta. Akínyẹlé, àkọ́dà kóòtù tó wá kó wọn, wò ó, ó ní kó dúró sílé.

Ẹ̀rù kò ba Ọmọ́jọlá. Ó fún un lómi mu, ó ní kó dìde kó máa rìn yí àgbàlá ká.

"Bí o bá ń rìn tó bá ń lọ, ìrọbí irọ́ ni, ìyàwó mi. Iwájú ikùn ni irú rẹ̀ ti sábà máa ń mú èèyàn. Ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. O yí ìdúró padà, ó fi ọ́ sílẹ̀."

"Ti òótọ́ ńkọ́, ìyá mi?"

"Ti òótọ́ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yìn ìbàdí ló ti máa ń dìde, a sì ká wá síwájú. Bí o bá rìn, ṣe ló ń le sí i. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn ti ń kanlẹ̀kùn. Èyí tí mo fi ń mọ̀ ọ́n jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ti òótọ́ a máa gé ọ̀rọ̀ mọ́ obìnrin lẹ́nu."

Inú náà lọ lóòótọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kíkẹ́lọmọ ń gúnyán lójúde ni Akínyẹlé bá kọjá, ó sì rí i. Àkọ́dà ní wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní irọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó mú Ọmọ́jọlá lọ síwájú kóòtù, ó ní kó kúnlẹ̀ nínú oòrùn, ó gbé òkúta lé e lórí, títí ìyá náà fi ṣubú lójú àwọn tó tó bí lọ́mọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ilé ti ń bú Kíkẹ́lọmọ pé, "Ìyá ọmọ àná, ọmọ ọ̀hún dà? Ṣé ó ti padà sọ́hùn-ún ni?" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ́jọlá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tíì san.

Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń ru yangí lọ́jọ́ mọ́tò.

"Ìyá mi, ẹ wo fìlà pupa orí àkọ́dà," Kíkẹ́lọmọ ń sọ lábẹ́ ẹrù. "Ó dà bí àkùkọ tó…"

Ó dákẹ́. Ó di igi kan mú, ó pa ojú dé. Nígbà tó yá, ó parí rẹ̀: "…tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́jọlá nìkan ni ẹ̀rín kò pa. Ó ń wo bí ọwọ́ ọmọbìnrin náà ṣe lọ sí ẹ̀yìn ìbàdí. Wọn kò rìn jìnnà tí ọ̀rọ̀ fi tún gé mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n da yangí sílẹ̀, wọ́n ń padà sódò, ó tún gé. Rírìn náà kò lé e lọ.

Kíkẹ́lọmọ sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ìyá mi, ó jọ pé òun ni."

Akínyẹlé ti dé ọ̀dọ̀ wọn, pàṣán lọ́wọ́. "Eré ọjọ́sí tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?" Ó kọjú sí Ọmọ́jọlá, kò tilẹ̀ fi ẹ̀yin kún un fún àgbà. "Ìwọ ìyá yìí, ìwọ lo ní o mọ oyún. Ṣé ọmọ ni, àbí irọ́?"

Gbogbo obìnrin dúró. Ọmọ́jọlá mọ̀. Ó mọ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan òkúta tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ àkọ́dà, ọrùn rẹ̀ sì rántí.

"Irọ́ ni," ó wí.

Kíkẹ́lọmọ wò ó. Ó tẹ̀ ba, ó gbé agbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n kí ó tó ṣubú. Ìgbà náà ni wọ́n ń gbọ́ ìró mọ́tò láti ọ̀nà Ìkìrun. Àkọ́dà pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin tò sí etí ọ̀nà, kí wọ́n na aṣọ wọn bí ògiri, kí òyìnbó má baà rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn aṣọ yẹn ni Ọmọ́jọlá ti gba ọmọ, lórí yangí tútù. Ọmọ ké. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá.

"Ẹ jẹ́ ká dá mọ́tò dúró!" obìnrin kan kígbe. "Ó lè gbé e!" Akínyẹlé na pàṣán dí i lọ́nà. Òyìnbó ṣí fìlà fún wọn, ó kọjá, eruku bò wọ́n. Kí eruku tó rọlẹ̀, Kíkẹ́lọmọ ti lọ.

Ìwé ìjọba kọ orúkọ ẹni tó la ọ̀nà náà. Kò kọ orúkọ ẹni tó kú sí i. Ọ̀dà ti bo yangí ọ̀hún lónìí. Àwọn aláboyún Ìníṣà ṣì ń gba orí rẹ̀ lọ wá ilé ìwòsàn tí yóò gbà wọ́n, wọ́n sì ṣì ń pàdé ẹni tó wọ aṣọ ìjọba, tó ń bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni ó ń dùn wọ́n.

Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ọmọ́jọlá ló tọ́ ọ. Àwọn ìyàwó ilé máa ń wá bi ìyá náà nípa irú inú tó ń mú wọn, yóò sì ṣàlàyé fún wọn. Ṣùgbọ́n kò tún gba ojú ọ̀nà mọ́tò lọ Òkukù mọ́. Inú igbó ló ń gbà, ìbáà jẹ́ nígbà òjò.

Abíọ́nà dàgbà, ó lọ́kọ, ó lóyún, ó padà wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó ti Ọmọ́jọlá, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó ń ròyìn ọjà fún un.

"Ìyá àgbà, ata ti wọ́n débi pé…"

Ó dákẹ́.

Ọmọ́jọlá na ọwọ́, ó wá ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀ kàn, ó dúró títí ọ̀rọ̀ ata fi parí, títí òmíràn fi tún gé. Ó wá fi ọ̀pá dìde lórí orúnkún tí kò san mọ́, ó dúró sójú àgbàlá, ó kọjú sí ibi tí ọ̀nà wà.

"Ọmọ ni!" ó kígbe. "Ẹ gbọ́ o, mo ní ọmọ ni! Kì í ṣe irọ́! Ọmọ ni!"

Àwọn ará ilé sáré jáde. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ló pè é ní irọ́, nítorí kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.