Fóònù Ní Bàbá Ti Lo Oògùn

Fóònù Bàbá Káfíńtà tún dún. Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tẹ àmì àwọ̀ ewé tó yọ lójú fóònù. Ariwo dákẹ́.

"Ta ló ń pè yín?" oníbàárà tó wá wo àga rẹ̀ béèrè.

"Àwọn ọmọ mi ni. Wọ́n ní kí n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ṣé ẹ ti wá lò ó?"

"Jẹ́ kí n rẹ́ pákó yìí tán ná."

Pákó yẹn tán, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Oògùn wà nínú yàrá nílé, Bàbá sì ti gbàgbé.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ pa á tì o. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti dákẹ́, òun nìkan ló ń gbélé. Ọmọkùnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú mìíràn, ló fi ètò kan sórí fóònù rẹ̀: bí àkókò oògùn bá tó, á pariwo, bí Bàbá bá ti tẹ̀ ẹ́, àmì àwọ̀ ewé á jáde lórí fóònù àwọn ọmọ pé ó ti lo oògùn. Ọmọbìnrin rẹ̀, télọ̀, ní ẹyọ kan kò tó. Ló bá fi àláàmù oúnjẹ sí i, ti omi mímu, ti ìdárayá, títí dórí ti oorun ọ̀sán. Ẹ wo ìfẹ́! Fóònù wá ń ké bí ọmọ tuntun láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ni Bàbá ì bá ṣe ju kó máa pa á lẹ́nu mọ́?

"Bàbá wa ń gbìyànjú o," ọmọkùnrin a máa kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀. "Wọn ò tíì pa ọjọ́ kan jẹ."

Nígbà tó yá, wọn kò pè é déédéé mọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ bi í?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìṣó bọ́ lọ́wọ́ òsì Bàbá. Ó fẹ́ mú òmíràn, ọwọ́ náà kò gbọ́ràn. Kí àwọn aládùúgbò tó sáré dé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

"Nọ́ọ̀sì, bàbá wa kì í fi oògùn ṣeré," télọ̀, tó ti sáré gba ilé Bàbá dé ibẹ̀, sọ, ó na fóònù sí i. "Ẹ wò ó, àwọ̀ ewé ni gbogbo ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kò gba fóònù. "Páálí oògùn wọn dà?"

Télọ̀ yọ ọ́ nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì ṣí i. Oògùn ṣì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́?" télọ̀ béèrè.

"Mò ń tẹ̀ ẹ́," Bàbá dáhùn, ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Ariwo yẹn pọ̀ jù, ìyá mi. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ó máa ń dákẹ́."

Télọ̀ bú sẹ́kún.

"Ẹ nujú," Nọ́ọ̀sì sọ. "Ojú olójú ò jọ ojú ẹni, ká tó wá sọ ti fóònù. Ẹ yọ àwọn àláàmù yòókù, ti oògùn nìkan ni kó kù. Kó máa dún kí Bàbá tó kúrò nílé. Kí oògùn wà níbi tí wọ́n ti ń fọyín. Bàbá, ẹ gbé e mì kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ má lo ti ọjọ́ méjì pọ̀ o, ẹ bi wá."

Bàbá ti ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò tíì lè di ìṣó mú. Láràárọ̀ ni télọ̀ ń pè é.

"Ẹ ti gbé e mì?"

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ mu omi sí i kí n gbọ́."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì mu ún.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ yẹ fóònù yín wò lónìí. Àláàmù tí ẹ kì í dá lóhùn, ẹ yọ ọ́, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé ẹ ti ṣe ohun tí ẹ kò tíì ṣe. Bí ọwọ́ tàbí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé yí padà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Fóònù lè rán òbí yín létí, kò lè bá wọn gbé oògùn mì. Ẹ pè wọ́n. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ lọ ṣí páálí oògùn wọn wò.