Ẹni Tó Ń Bọ́ Bíńgò

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ojúmọmọ ni, oorun kò kùn mí, ara mi sì yá.

Ajá tí àwọn tó ni wọ́n pa tì ni èmi àti Bertha ọ̀rẹ́ mi máa ń gbà sílẹ̀. Bertha ló ń wá wọn rí. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn nílé mi lẹ́yìn Màpó, títí a ó fi rí ẹni tí yóò mú wọn sọ́dọ̀.

Inú ilé òfìfo kan ní Bẹyẹrúnkà ni Bertha ti rí Bíńgò. Àwọn tó ni ín ti kó lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìso. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Kò gbó. Kò tilẹ̀ kùn.

Mo se ìrẹsì fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú kúrò. Mo gbé ẹran fún un, kò jẹ ẹ́. Omi nìkan ló ń lá. Àyà mi ń já pé yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kankan.

Síbẹ̀, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Qúdrát aládùúgbò mi yọjú lójú fèrèsé. "Àǹtí, ajá yín mà ti ń dán o. Kí lẹ ń fún un?"

"Kò jẹ nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo ń ṣọ́ ọ. Wọ́n pe ìrun Alásárì tán. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Bíńgò dìde, ó lọ sídìí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó gbójú sókè, bí ajá ṣe ń wo ẹni tó dúró tì í. Ìrù rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Ó yanu. Ó ń jẹun. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òórùn ẹja díndín gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, n kò sì dáná. Irun orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ó tún dìde, bí ẹni pé wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni náà ju bí mo ṣe fẹ́ sá lọ. Mo jáde.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Ìrù Bíńgò dúró. Ó wò mí bí ẹni tí mo dí lọ́wọ́.

Mo pe Bertha lórí fóònù, mo ròyìn fún un.

"Ṣé kí n wá gbé e kúrò?"

"Rárá. Jẹ́ kó jẹun."

Nígbà tó yá, Bertha rí ẹni tó fẹ́ mú un: Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé, tíṣà kan ní Òkè-Àdó, tó ń dá gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ràn Bíńgò lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ẹnu mi wúwo. Bó bá fi ajá náà sílẹ̀ ńkọ́? Ta ló tún máa mú un?

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Bíńgò fò wọlé. Ó sún lọ sápá kejì, ó fi àyè sílẹ̀, ó kọjú síta, ó ń jùrù.

Mọ́tò náà tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa, bí ìgbà tí èèyàn bá wọlé jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé wò mí.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Ta ni?"

"N kò mọ̀. Òun ló ń bọ́ ọ."

Ó ti ilẹ̀kùn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń tì í fún àgbàlagbà.