Ohun Tó Wà Nínú Ẹrù Àlàájà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lórí fọ́ọ̀mù náà, òun gan-an ló sì dá Hameedat dúró. "Ènìyàn mélòó ló ń lo ohun tí o ṣe yìí?" Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo àjà, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mẹ́tàlélógójì kẹ̀?" Gift, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó kù á kọ ẹgbẹ̀rún síbẹ̀, ìwọ fẹ́ kọ mẹ́tàlélógójì. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mú ẹ ṣá?"

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún làwọn méjèèjì. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Abu Shagara, ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ilé ìwé kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ìdíje tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá nídìí ìmọ̀ ẹ̀rọ ló gbé e kalẹ̀ ní Dubai: àwọn tó ń bá ìjọba kọ òfin orí ayélujára, àti àwọn tó fi fóònù dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́fà péré ni wọ́n fẹ́ mú. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, wọ́n á rán an lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Ká má tan ara wa, ìyá Hameedat ò lágbára yunifásítì ní ìlú yẹn.

Kì í ṣe pé ìyá náà jókòó tẹtẹrẹ o. Kàfáyàt lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì ló ń nù, bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí wọ́n ń háyà, ló sì ń sùn ní Rolla, ènìyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan. Lónìí, òun ló ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù Èkó tí kò rí físà gbà ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai. Á gbé fóònù sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á máa wo ọjà láti ilé, á ní, "Èyí kọ́, ìyẹn," Kàfáyàt á sì máa fi Lárúbáwá àti Hindi tó gbọ́ lẹ́nu ọjà bá a nájà. Ó ní ìkànnì tirẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Àwọn oníṣòwò tó ń wá ra ọjà fúnra wọn pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù lé kó bá wọn fi sínú ọkọ̀ òkun. Obìnrin náà wù mí, mi ò ní fi bò.

Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀ tí wọ́n ń fi máákà dúdú kọ sára àpò ẹrù. Lójoojúmọ́, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí fóònù Kàfáyàt: "Ẹrù mi dà?" Òun ni Hameedat fi ṣe áàpù kan. O máa tẹ àmì rẹ sí i, á sì sọ fún ọ bóyá ẹrù rẹ ṣì wà ní ilé ìkẹ́rùsí, tàbí ó ti wọ ọkọ̀, tàbí ó ti gúnlẹ̀ sí Àpápá. Ọmọ náà gbọ́n. Àmọ́ ènìyàn mẹ́tàlélógójì ló tíì gbà láti lò ó.

"Mi ò lè parọ́," ni Hameedat wí.

"Ta ló ní kó o parọ́?" ni Gift fèsì. "Ṣebí gbogbo oníbàárà Mọ́mì ẹ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Dà wọ́n sínú áàpù. Wọ́n ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe irọ́ mọ́. Khalas, ó parí."

Ẹ ò rí nǹkan. Irọ́ gidi, Hameedat ò lè pa á. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n ti wẹ̀ fún, tí wọ́n sì ti wọ aṣọ fún, ó rọrùn láti mú jáde. Ó ṣí àkọsílẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì dà á sínú áàpù lódindi: orúkọ, àmì, nọ́ńbà fóònù, ohun tó wà nínú ẹrù, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Kò yọ nǹkan kan kúrò, kò tiẹ̀ ronú pé ó yẹ kóun yọ ọ́. Ó fi áàpù náà ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn oníbàárà kí wọ́n lè máa lò ó. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹgbẹ̀ta lé méjìlá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kọ̀wé sí i pé ó wà lára àwọn mẹ́fà náà. Kàfáyàt dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sunkún ayọ̀, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó mọ̀ ní Deira. Hameedat náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá ti dárúkọ ẹgbẹ̀ta lé méjìlá, á yára sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, Àlàájà Azeezat kan ilẹ̀kùn wọn. Èkó ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló máa ń wá Dubai wá ra aṣọ, kò sì tíì padà sílé láti ìgbà tó ti wá. Wọ́n kí i, wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ìyá Hameedat," ó ní, "abáyà mi ti dé Èkó."

"Kò tíì dé o, Àlàájà. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ọkọ̀ gúnlẹ̀."

"Mo mọ̀. Tèmi kọ́ ló dé."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi rìn nínú oòrùn ní Naif, lọ́jà Deira, kó tó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń ta abáyà tó ní àpò fóònù nínú. Kò sẹ́ni tó ń tà á ní Èkó. Ó ti múra láti fi tajà Iléyá. Àfi bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù ṣe tẹ àmì Àlàájà sínú áàpù, tó rí ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀, tó sì rí orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni náà lọ kó gbogbo èyí tó kù níbẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sílé. Nígbà tí ẹrù Àlàájà bá fi máa dé, gbogbo ọjà á ti ní i.

Ẹni tí kò bá ṣòwò rí lè má mọ bí èyí ṣe dunni tó. Láàárín àwọn oníṣòwò wa ní Deira, o lè bi ènìyàn nípa ọmọ rẹ̀, o lè bi í nípa àìsàn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n o kì í bi í pé, "Níbo lo ti rà á?" Ẹni méjì á sùn nínú yàrá kan náà, wọ́n á jẹun nínú abọ́ kan náà, bílẹ̀ bá mọ́, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sọ́jà. Ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi ń wé ọjà gba iwájú ara wọn kọjá. Kì í ṣe ìkà. Ohun tí ẹsẹ̀ ẹni wá rí, iṣẹ́ ẹni ni.

"Ta ló gbé ohun tó wà nínú ẹrù mi síta?" ni Àlàájà béèrè.

Kàfáyàt ti la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ bá ojú ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni, Mọ́mì," ni Hameedat wí. Ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí fọ́ọ̀mù títí dórí ẹgbẹ̀ta lé méjìlá. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

Kàfáyàt náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. "Àlàájà, ẹ má wo ti ọmọ. Èmi lẹ gbé ẹrù yín fún, ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kó ẹrù lé ọ lọ́wọ́," ni Àlàájà wí. Kò pariwo. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Hameedat ń retí kí ìyá òun na òun. Ì bá tiẹ̀ sàn. Fóònù ni Kàfáyàt mú, ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́: "Ẹ̀yin oníbàárà mi, Kàfáyàt nìyí. Àṣírí ẹrù yín ti tú síta. Inú ilé mi ló ti tú, ẹ má wá a lọ síbòmíì. Mo ti ní kí wọ́n pa áàpù náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, mi ò ní bínú." Kí ó tó di àkókò ìrun Àsárì, ènìyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Orúkọ tí obìnrin yìí fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fún un lábàwọ́n kó má baà parọ́. Hameedat wò ó, ó rí i pé òun ò tíì mọ ìyá òun tó.

"Ṣé kí n má lọ lọ́la mọ́, Mọ́mì?"

"Mi ò ní kó o má lọ. Ohun tó o fẹ́ sọ níbẹ̀ ni kó o ti mọ̀ kó o tó kúrò nílé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ ojú irin metro, ọ̀rọ̀ Gift wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Má dá ara ẹ lóró o." Hameedat kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa fóònù.

Dókítà Ọmọ́yẹni Ọ̀ṣuntókun ni olórí àwọn adájọ́ ìdíje náà. Hameedat ti kà nípa rẹ̀ títí. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ará ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n ní ó dá òfin kan dúró fún odindi ọdún kan nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Obìnrin kúkúrú báyìí ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀. Nígbà tó wọlé, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ kí kó tó kí àwọn tó wọ kóòtù àti táì.

Ó kan Hameedat. Nọ́ńbà náà yọ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, 612, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní, "Nọ́ńbà tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn kì í ṣe òótọ́. Mẹ́tàlélógójì ló gbà. Àwọn tó kù, mi ò bi wọ́n." Ó sì sọ ọ̀rọ̀ abáyà náà fún wọn.

Ọmọ ilé ìwé mìíràn ló gba ipò kìíní. Hameedat ò gba nǹkan kan. Ó bọ́ síta, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sunkún yunifásítì tó bọ́. Ibẹ̀ ni Dókítà Ọ̀ṣuntókun bá a.

"Mi ò lè fún ẹ ní ẹ̀bùn," ni obìnrin náà wí, ní Yorùbá tó já gaara. "Irọ́ ló gbé ẹ dé ibí, bó o tilẹ̀ sọ òótọ́ nígbà tó o dé. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá tó ń sọ fún mi pé àwọn ará ìlú ò ní bínú. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi wọ́n: ṣé ẹ bi wọ́n? Nígbà míì, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. N ó dúró títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín tán, n ó tún un bi." Ó na ike omi kan sí i. "Lọ bi àwọn èèyàn ẹ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó o bi ò bá sì lè sọ pé rárá, o ò tíì bi í nìyẹn."

Hameedat tún áàpù náà ṣe. Kò gba orúkọ mọ́, kò mọ ohun tó wà nínú ẹrù, àmì àti ibi tí ẹrù dé nìkan ló kù. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì ní Rolla, á lọ sí Deira, á máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀, àwọn kan sì kọ́kọ́ bú u dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Gift tẹ̀ lé e wá. Kò sọ pé òun jẹ̀bi, àmọ́ ó bá a gbé ìwé tí wọ́n ń kọ ìdáhùn sí títí ẹsẹ̀ fi ro ó, ìyẹn náà tó o.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Àlàájà Azeezat padà wá ra ọjà. Hameedat bá a lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Naif, ọ̀rá dúdú kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó sì ṣàlàyé. "Ṣé ẹ gbà kí n fi àmì yín sí i, mà?"

"Mi ò gbà."

Hameedat kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Àlàájà ò gbà. "Ẹ ṣé, mà," ó ní, ó sì dìde.

"Ibo lò ń lọ?" ni Àlàájà béèrè. "O ò ní bẹ̀ mí kí n gbà?"

"Ohun tí mo ṣe ni mo bẹ̀ yín sí, mà. Èyí, tiyín ni. Bí ẹ bá ní rárá, rárá náà ni."

Àlàájà wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá fa ọ̀rá dúdú náà, ó sì tú u níwájú ọmọ náà. "Sún mọ́ mi. Wò ó dáadáa. Ṣé àwọn ẹgbẹ́ ẹ á wọ irú èyí?"

Hameedat fọwọ́ kan aṣọ náà. Oníṣòwò kì í fi ọjà inú ọ̀rá han ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ kún, ó sì sọ èrò rẹ̀ láìfi bọpo bọyọ̀.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó parí rẹ̀, ó yíjú sí i. "O rí Àlàájà? Kí ló rà lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ẹ bi Àlàájà, Mọ́mì."

Kàfáyàt gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ yín, ibi ìpamọ́ lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe olóhun. Ẹ bi olóhun kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá sì kọ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.